Kí ni edé ń wá nínú àkàrà? Ohun tí acarajé ìlú Bahia lè kọ́ wa nípa oúnjẹ tiwa

Tí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ bá ti ń sún mọ́lé ní ìlú Salvador, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Bahia ní orílẹ̀-èdè Brazil, òórùn kan máa ń gba ìgboro tí ọmọ Yorùbá kankan ò ní ní kí wọ́n túmọ̀ fún òun. Epo pupa tó gbóná ni. Obìnrin kan á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, yẹ̀rì funfun gbàgàdà ní ìdí rẹ̀, gèlè funfun ní orí, ìlẹ̀kẹ̀ ní ọrùn. Á fi ṣíbí bu ẹ̀wà lílọ̀, á dà á sínú agbada, epo á sì dún ṣàà. Àkàrà ni. Acarajé ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, lẹ́tà c ni wọ́n sì ń kọ níbi tí àwa ti ń kọ k, ṣùgbọ́n àkàrà náà ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ ni lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ọ́ nínú epo. Obìnrin náà á fi ọ̀bẹ la àkàrà náà sí méjì bí ẹni ń la búrẹ́dì, á kó oríṣiríṣi nǹkan sí i nínú, á wá fi edé gbígbẹ lé e lórí. Kì í ṣe edé tí a lọ̀ títí tí a ń fi tọ́ọ̀ṣì wá nínú ọbẹ̀ o! Edé odidi ni, èyí tí ojú rí, lọ́pọ̀ ìgbà tòun ti èèpo àti ìrù rẹ̀.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò nìyí: kí ni edé ń ṣe níbẹ̀? Ṣé ọ̀ṣọ́ lásán ni, àbí adùn nìkan? Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí. Iṣẹ́ gidi ni edé ń ṣe nínú àkàrà yẹn, iṣẹ́ tí ẹ̀wà ò lè dá ṣe. Àwọn ìyá tó kó oúnjẹ yìí jọ ò ní yàrá ìwádìí, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kó jọ bá ohun tí sáyẹ́ǹsì ń sọ lónìí mu. Ó sì yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà, nítorí edé wà lára ohun tí a kọ́kọ́ máa ń yọ nínú oúnjẹ tí ọjà bá gbówó lórí. Tí èèyàn bá fẹ́ yọ nǹkan, ó yẹ kó mọ ohun tí òun ń yọ.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Ẹ̀wà olójú dúdú ni wọ́n ń lò, èyí tí wọ́n ń pè ní feijão-fradinho ní Brazil. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi, wọ́n á bó èèpo rẹ̀ dànù, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi àlùbọ́sà àti iyọ̀ sí i, wọ́n á sì fi orógùn pò ó títí tí yóò fi fúyẹ́. Títí débí, ìyá alákàrà ní Ìbàdàn ò ní rí nǹkan tuntun kọ́. Epo pupa ni wọ́n fi ń dín in. Dendê ni orúkọ epo náà lọ́dọ̀ wọn, ọ̀rọ̀ tó wá láti inú èdè Kimbundu ti àwọn ará Angola. Ẹ̀wà náà, ọ̀pẹ náà, ilẹ̀ Áfíríkà ni àwọn méjèèjì ti rékọjá sí Brazil.

Nǹkan tí wọ́n ń kó sínú rẹ̀ wá ńkọ́? Àkọ́kọ́ ni vatapá. Búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sómi, tàbí ìyẹ̀fun, ni wọ́n á fi edé lílọ̀, omi àgbọn, ẹ̀pà, kajú, atalẹ̀ àti epo pupa sí, wọ́n á wá rò ó lórí iná títí yóò fi ki. Èkejì ni caruru: ilá ni, tí wọ́n fi edé gbígbẹ, àlùbọ́sà àti epo pupa sè. Lẹ́yìn ìyẹn ni tòmátì tútù tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, ata, àti edé fúnra rẹ̀. Tí wọ́n bá wé ẹ̀wà lílọ̀ yẹn kan náà sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n sì sè é, ó di abará. Ẹni tó bá mọ ọ̀ọ̀lẹ̀ tàbí mọ́ínmọ́ín ti mọ abará nìyẹn, edé sì wà nínú tọ̀hún náà.

Ẹ bá mi kà á. Edé wà nínú vatapá, ó wà nínú caruru, ó tún wà lórí. Ibi mẹ́ta nínú oúnjẹ kan ṣoṣo! Ohun tí èèyàn bá fi sí ibi mẹ́ta kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

Orúkọ oúnjẹ náà gan-an dùn ún gbọ́. Ọ̀pọ̀ ará Brazil máa ń sọ pé acará túmọ̀ sí bọ́ọ̀lù iná, pé jé sì túmọ̀ sí jẹ. Ìdajì rẹ̀ tọ̀nà. Jẹ ni jẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó pa àkàrà pọ̀ mọ́ iná ju pé orí iná la ti ń dín in lọ. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ èèyàn fara mọ́ ni pé igbe ìpolówó ọjà ló di orúkọ: àwọn tó ń kiri ń ké pé kí èèyàn wá jẹ àkàrà, àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá sì so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan.

Àkàrà tó di owó òmìnira

Láti ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún títí di 1850 tí òwò ẹrú orí òkun sí Brazil dópin, ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa ni wọ́n kó lọ sí Bahia, pàápàá lásìkò tí Ọ̀yọ́ ń tú tí ogun sì gba ilẹ̀ kan. Nàgó ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Àwọn ni wọ́n pọ̀ jù nínú ọ̀tẹ̀ àwọn Malê, ìyẹn àwọn ìmàle, tó ṣẹlẹ̀ ní Salvador ní 1835.

Nínú ìgboro Salvador nígbà náà, àwọn obìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní ganhadeira. Ẹrú ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n títa ọjà ni iṣẹ́ wọn. Wọ́n á gbé igbá karí, wọ́n á kiri, wọ́n á san iye tí olówó wọn bù fún wọn, èyí tó bá ṣẹ́ kù á di tiwọn. Àwọn kan nínú wọn fi èyí tó ṣẹ́ kù yẹn jọ owó, wọ́n sì fi ra ara wọn padà. Luís dos Santos Vilhena, olùkọ́ ará Portugal kan tó gbé ní Salvador, to oúnjẹ tí wọ́n ń kiri ní òpópónà sínú àwọn lẹ́tà tó kọ ní nǹkan bí ọdún 1800. Acarajé wà nínú rẹ̀, abará wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni acaçá, tí í ṣe ẹ̀kọ wa. Brazil ò fòpin sí oko ẹrú títí di 1888. Nítorí náà, ó ti ju ọgọ́rin ọdún ṣáájú ìgbà yẹn lọ tí àkàrà ti wà nínú igbá àwọn tó ń ra òmìnira tiwọn díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀sìn náà wà níbẹ̀. Oúnjẹ Ọya ni àkàrà, àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé sì ń pe Ọya ní Iansã. Wọ́n máa ń sọ pé láyé àtijọ́, àwọn ọmọ Iansã ló ní ẹ̀tọ́ láti tà á, nítorí ìlànà òrìṣà ni. Ohun tó jọ mí lójú níbẹ̀ ni pé nígbà tí nǹkan bá di ti òrìṣà, èèyàn kì í kàn ṣàdédé yí i padà. Ohun tó jẹ́ àṣẹ kì í tètè di àṣà ìgbàlódé. Ó ṣeé ṣe kí èyí wà lára ìdí tí epo pupa ò fi kúrò nínú àkàrà wọn, nígbà tó jẹ́ pé òróró ni ọ̀pọ̀ alákàrà nílẹ̀ wa ń lò báyìí. A dúpẹ́ pé àkàrà Òṣú ṣì ń dúró fún wa.

Télọ̀ tí bọ́tìnnì ò tó

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ inú sáyẹ́ǹsì. Tí a bá wọn ẹ̀wà gbígbẹ ní gíráàmù 100, nǹkan bí gíráàmù 23 sí 24 nínú rẹ̀ ni purotéènì. Ìyẹn pọ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n purotéènì kì í ṣe nǹkan ẹyọ kan. Amino acid ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, bí a ṣe ń fi búlọ́ọ̀kù kọ́lé. Oríṣi ogún ni wọ́n, mẹ́sàn-án nínú wọn sì wà tí ara wa ò lè ṣe fúnra rẹ̀. Àfi ká jẹ wọ́n.

Ẹ wo télọ̀ kan tó ní aṣọ tó tó ṣẹ́ẹ̀tì ogún, àmọ́ tí bọ́tìnnì ọwọ́ rẹ̀ ò ju èyí tó tó ṣẹ́ẹ̀tì méjìlá lọ. Ṣẹ́ẹ̀tì mélòó ló máa parí? Méjìlá ni. Aṣọ yòókù á kàn wà nílẹ̀. Bí ẹ̀wà ṣe rí nìyẹn. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́sàn-án yẹn tó ń jẹ́ lysine pọ̀ nínú ẹ̀wà dáadáa, ṣùgbọ́n methionine ò pọ̀ tó nínú rẹ̀. Methionine yẹn ni bọ́tìnnì.

Níbo la ti máa rí bọ́tìnnì? Ọ̀nà kan wà tí gbogbo wa mọ̀ láì mọ̀ pé a mọ̀ ọ́n: àkàrà àti ẹ̀kọ. Àgbàdo ní methionine, lysine ni kò tó nínú rẹ̀. Ohun tí èyí ò ní, èkejì ní i. Nígbà tí àwọn ará Bahia fi búrẹ́dì ro vatapá tí wọ́n sì kó o sínú àkàrà, ohun kan náà ni wọ́n ṣe, nítorí àlìkámà àti àgbàdo jọra lọ́nà yìí.

Ọ̀nà kejì ni edé. Purotéènì edé pé, gbogbo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló wà nínú rẹ̀ ní ìwọ̀n tó dáa. Tí edé bá sì ti gbẹ, omi ti lọ, ohun tó ṣẹ́ kù pọ̀ ní purotéènì gan-an. Edé gbígbẹ gíráàmù 10, ìyẹn ìwọ̀nba ṣíbí ìjẹun méjì, lè ní tó gíráàmù 6 purotéènì. Ẹ̀wà ṣì ni ìpìlẹ̀, edé kọ́ ló ń yó èèyàn. Ṣùgbọ́n díẹ̀ tó wà níbẹ̀ yẹn ni bọ́tìnnì tó ń jẹ́ kí aṣọ di ṣẹ́ẹ̀tì.

Ó tún ku ohun tí ẹ̀kọ ò lè ṣe rárá: fítámì B12. Ara nílò rẹ̀ láti ṣe ẹ̀jẹ̀ àti láti tọ́jú iṣan ìmọ̀lára. Ẹ̀wà ò ní i, àgbàdo ò ní i, epo pupa ò ní i. Inú ohun abẹ̀mí la ti ń rí i: ẹran, ẹja, ẹyin, wàrà, àti edé. Fún ìdílé tí ẹran ò sí nínú ìkòkò wọn lójoojúmọ́, edé díẹ̀díẹ̀ tó ń wọ inú oúnjẹ wà lára àwọn ilẹ̀kùn díẹ̀ tí B12 lè gbà wọlé. Kálṣíọ̀mù náà ńkọ́? Inú èèpo ni púpọ̀ nínú rẹ̀ wà. Ìdí nìyẹn tí edé kékeré tí a jẹ ní odidi fi dára fún egungun ju edé ńlá tí a ti bó lọ.

Tòmátì tútù tó wà níbẹ̀ náà kì í ṣe àwàdà. Áyọ́ọ̀nù wà nínú ẹ̀wà, ṣùgbọ́n kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ phytate, tó wà nínú ẹ̀wà kan náà, máa ń dì í mú kó má baà wọnú ẹ̀jẹ̀. Fítámì C ló ń bá wa tú u sílẹ̀, tòmátì tí iná ò tíì kàn sì ní fítámì C.

Ẹni tí ẹ̀wà máa ń fún ní gáàsì, ẹ gbọ́ tiyín. Ṣúgà kan wà nínú ẹ̀wà tí ìfun wa ò lè dà, àwọn kan tó ń jẹ́ raffinose àti stachyose. Bakitéríà inú ìfun ló ń jẹ wọ́n, gáàsì ló sì ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Díẹ̀ nínú ṣúgà yìí máa ń yọ́ sínú omi tí a bá rẹ ẹ̀wà sí. Ẹ da omi yẹn nù, ẹ má fi lọ ẹ̀wà.

Kúùbù tó wà kí kúùbù tó dé

Ní 1908, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Japan kan, Ikeda Kikunae, ń wá ohun tó ń jẹ́ kí omi ọbẹ̀ wọn dùn. Ó rí i pé glutamate ni, ó sì pe adùn náà ní umami. Ní 1913, Kodama Shintaro rí èkejì nínú ẹja gbígbẹ, inosinate. Nígbà tó yá, àwọn ará Japan náà ló tún rí i pé tí glutamate bá pàdé àwọn ẹbí inosinate, adùn ò kàn ń ro ara wọn pọ̀ bí ẹni ń ro ọ̀kan mọ́ ọ̀kan. Ṣe ló ń di ìlọ́po-ìlọ́po.

Edé ní irú àwọn kẹ́míkà ẹbí yẹn, ó tún ní glycine tó ń fún un ní adùn bíi ti ṣúgà díẹ̀. Tòmátì ní glutamate. Tí ẹ bá wá pa edé gbígbẹ àti tòmátì pọ̀, ẹ ti ṣe ohun tí ilé-iṣẹ́ ń ṣe tí wọ́n bá kó glutamate àti inosinate sínú kúùbù kan. Ní tòótọ́, edé ni kúùbù wa kí kúùbù tó dé. Ìyàtọ̀ wọn ni pé purotéènì, B12 àti kálṣíọ̀mù wà nínú edé, iyọ̀ ló sì pọ̀ jù nínú kúùbù. Nítorí náà, ẹni tó yọ edé tó sì fi kúùbù kan dípò rẹ̀ ti rí adùn gbà padà, ṣùgbọ́n oúnjẹ inú adùn náà ti lọ.

Àwọ̀ pupa edé ńkọ́? Edé tútù kì í pupa. Àwọ̀ pupa tó ń jẹ́ astaxanthin wà lára rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ purotéènì kan ló dì mọ́ ọn tí kò jẹ́ ká rí i. Iná á tú purotéènì yẹn ká, pupa á sì jáde. Ẹbí carotene tó mú kí epo pupa pupa ni astaxanthin náà. Wọ́n kàn gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ dé inú agbada ni.

Kí àkàrà má tú sépo

Gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n ń sọ tí wọ́n bá ní àkàrà tú sépo: àṣírí ti tú nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ló ń mú kí àkàrà gidi tú sínú epo gidi?

Nígbà tí a bá ń pò ẹ̀wà lílọ̀, atẹ́gùn là ń lù wọ inú rẹ̀. Purotéènì ẹ̀wà á wé mọ́ atẹ́gùn náà bí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fèrè kéékèèké á sì wà nínú rẹ̀. Tó bá kan epo gbígbóná, awọ yẹn á le, àkàrà á sì dúró. Tí omi bá pọ̀ jù, tàbí tí a kò pò ó tó, awọ náà ò ní lágbára, epo á sì tú u ká.

Nínú epo tó gbóná tó nǹkan bí 170 sí 180°C, omi inú àkàrà á hó, á di atẹ́gùn, á sì máa tì jáde. Ìfófó tí ẹ ń rí yẹn kì í ṣe epo ló ń hó o, omi ló ń sá jáde. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì ń tì jáde, epo ò ráyè wọlé púpọ̀. Wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá yọ àkàrà. Bó ṣe ń tutù, atẹ́gùn gbígbóná inú rẹ̀ á sún kì, á sì fa epo tó wà lára rẹ̀ wọ inú, bí ẹni fi sírìnjì fa oògùn. Nítorí náà, ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ gbọn ọ́n lórí agbada, kí ẹ sì tètè gbé e sórí bébà tàbí asẹ́ nígbà tó ṣì gbóná. Tó bá ti tutù kí ẹ tó nù ún, epo ti wọlé.

Kí epo má gbóná tó náà ò dáa, nítorí àkàrà á pẹ́ níbẹ̀, á sì mu epo yó.

Epo pupa: ọ̀rẹ́ tó ní ààlà

Ní ti epo pupa, oríṣi èèyàn méjì ló wà. Àwọn kan ní oògùn ni, àwọn kan ní májèlé ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ lápá méjèèjì.

Èyí tó dáa ni pé kílò epo pupa kan tí wọn ò tíì fọ àwọ̀ rẹ̀ lè ní carotene tó mílígíráàmù 500 sí 700. Ara máa ń sọ púpọ̀ nínú rẹ̀ di fítámì A, tí ojú àti àwọ̀ ara nílò. Carotene nílò ọ̀rá kó tó lè wọ ara, ó sì ti wà nínú ọ̀rá tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n iná ń jẹ carotene. Ẹni tó bá yọ epo títí tó fi di funfun ti lé èyí tó dáa jù nínú rẹ̀ lọ. Bó sì ṣe rí fún epo tí wọ́n ti fi dín àkàrà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ nìyẹn.

Apá kejì ni pé bí ìdajì ọ̀rá inú epo pupa jẹ́ irú èyí tó máa ń dì tí òtútù bá mú. Irú ọ̀rá yìí, tó bá pọ̀ jù nínú oúnjẹ, máa ń mú kí cholesterol burúkú pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kó má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tí à ń rí nínú oúnjẹ lójúmọ́. Edé ni àwọn kan máa ń fi ẹ̀sùn cholesterol kàn. Lóòótọ́, cholesterol wà nínú edé, ṣùgbọ́n ọ̀rá tó ń dì kò pọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀rá tó ń dì yẹn ló sì ń yọ ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu jù. Ẹ wo agbada kí ẹ tó wo edé.

Àtúnlò epo ni mo rò pé ó yẹ kó bà wá lẹ́rù jù. Bí epo bá ṣe ń gbóná léraléra ni àwọn kẹ́míkà tuntun ń pọ̀ nínú rẹ̀. Ní Jámánì, tí àwọn kẹ́míkà wọ̀nyí bá kọjá ìdá 24 nínú 100, wọ́n á ní epo náà ò ṣeé lò mọ́. Àwa ò ní ẹ̀rọ rẹ̀ nílé, ṣùgbọ́n a ní ojú àti imú: tí epo bá dúdú, tó ń fà, tó ń yọ ìfófó tí kò tètè lọ, tó sì ń yọ èéfín kó tó gbóná dáadáa, ó ti kú. Ẹ dà á nù.

Ta ló ni àkàrà?

Ní 2005, IPHAN, àjọ ìjọba Brazil tó ń rí sí àjogúnbá, kọ iṣẹ́ àwọn baiana alákàrà sínú ìwé ogún orílẹ̀-èdè náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fiyè sí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Kì í ṣe àkàrà ni wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, iṣẹ́ àwọn obìnrin náà ni: bí wọ́n ṣe ń lọ ẹ̀wà, bí wọ́n ṣe ń múra, bí wọ́n ṣe ń jókòó tà. Ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ ni wọ́n kà sí ogún.

Síbẹ̀, wàhálà ò tán. Nígbà tí ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti 2014 ń bọ̀, òfin ọjà FIFA fẹ́ lé wọn kúrò ní àyíká pápá ìṣeré Fonte Nova. Wọ́n pariwo, wọ́n kó ìbuwọ́lù jọ, wọ́n sì gba àyè díẹ̀ padà. Ìjà kejì jẹ́ ti inú ilé. Àwọn ọmọ ìjọ kan tí wọ́n ń ta àkàrà kan náà ò fẹ́ orúkọ tó tan mọ́ òrìṣà, wọ́n wá ń pè é ní bolinho de Jesus, ìyẹn àkàrà Jésù. Àwọn baiana ní àwọn ò gbà. Èmi ò ní dá ẹjọ́ ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n tí a bá bọ́ orúkọ kúrò lára oúnjẹ, ìtàn àwọn tó fi ra ara wọn padà náà á bọ́ lọ.

Òkun tó gbé àkàrà lọ tún gbé nǹkan padà wá o. Àwọn Agùdà tó ti Brazil padà sí Èkó, tí wọ́n tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà, mú frejon wá, orúkọ tó wá láti inú feijão, ẹ̀wà lédè Potogí. Ẹ̀wà tí wọ́n sè, tí wọ́n sẹ́, tí wọ́n sì fi omi àgbọn rò ni. Ọjọ́ Ẹtì Rere ni wọ́n máa ń jẹ ẹ́, wọn kì í sì í fi ẹran jẹ ẹ́. Ẹja díndín ni, tàbí ọbẹ̀ ẹja. Ẹ̀wà àti ohun inú omi, wọ́n tún ti pàdé.

Kí ẹ tó dá edé sí i

Ẹ̀yin tí ara yín kì í gba edé, ẹ ṣọ́ra gan-an. Purotéènì tó ń fa wàhálà náà, tropomyosin, kì í kú sínú iná. Bí wọ́n dín in, bí wọ́n sè é, ó ṣì wà. Acarajé tún ní ẹ̀pà àti kajú nínú, àwọn méjèèjì sì wà lára ohun tí ara àwọn kan kì í gbà. Tí ètè bá ń wú tàbí tí èémí ń há lẹ́yìn oúnjẹ, ilé ìwòsàn ló kàn, kì í ṣe epo pupa mímu.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, iyọ̀ máa ń pọ̀ nínú edé gbígbẹ. Ẹ fi omi ṣàn án kí ẹ tó lò ó, kí ẹ sì dín iyọ̀ inú ẹ̀wà kù.

Èyí tó kẹ́yìn kan ẹ̀wà fúnra rẹ̀. Ní 2015, ilẹ̀ Yúróòpù dá ẹ̀wà gbígbẹ tó ń ti Nàìjíríà lọ dúró nítorí dichlorvos, oògùn kòkòrò tí wọ́n bá nínú rẹ̀. Oúnjẹ ò yẹ kó fojú kan oògùn yẹn. Ẹ̀wà tí ẹ bá kó sínú firísà, tàbí sínú ike tí atẹ́gùn ò lè wọ̀, kòkòrò inú rẹ̀ á kú láìsí oògùn kankan. Ẹ sá edé sóòrùn kó gbẹ táútáú, kí ẹ sì dé e pa.

Tí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ nílé, kò le. Fún ẹ̀wà kóòpù méjì, ẹ lọ edé ṣíbí ìjẹun mẹ́rin, kí ẹ pò ó mọ́ ẹ̀wà náà kí ẹ tó dín in, kí ẹ sì gé tòmátì tútù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tí owó edé ò bá sí lónìí, ẹ̀kọ ni kí ẹ fi jẹ àkàrà yín, bọ́tìnnì á pé. Àmọ́ ẹ rántí pé B12 ò sí nínú ẹ̀kọ. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹ wá ẹyin tàbí ẹja, bó ti wù kó kéré mọ, fún àwọn ọmọ ilé.